Ẹ Má Gbà Kí Wọ́n Ṣe Fíúsì Dráyà Yín Ní Dáyírẹ́ẹ̀tì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ẹ̀rọ tí ó ń mú aṣọ gbẹ nínú ilé, èyí tí a mọ̀ sí dráyà, ó sì jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí ó ń wọn ooru nínú ẹ̀rọ náà, àti fíúsì tí ó ń gé iná hítà bí ooru bá pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ dráyà kò tó ohun tí àgbàlagbà ń kọ lẹ́tà sí olóòtú lé lórí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú ara mi rí nínú ilé mi ní Adó-Èkìtì ti fi yé mi pé bí àwa tí a mọ̀ bá dákẹ́, ilé lè jó mọ́ ẹni tí kò mọ̀ lórí ní ọ̀gànjọ́ òru.

Iṣẹ́ olùkọ́ Físíìsì ni mo ṣe fún ọdún 31. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ṣì wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, abẹ́ Èkìtì ni mo sì ti fẹ̀yìntì. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mítà tí a fi ń wọn iná kò ṣàjèjì sí mi. Síbẹ̀, odindi ọjọ́ 11 ni ẹ̀rọ tí ó lè sun ilé fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri yàrá tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sùn, tí n kò sì fura.

Ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ìbejì ní ọdún tó kọjá, ọ̀dọ̀ mi sì ni àwọn ọmọ náà máa ń wà nígbà tí ìyá wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Adó láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje kò ní bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi dráyà ṣe. Aṣọ tí a bá sá sórí okùn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé lè wà níbẹ̀ di Ọjọ́rú, kí ó ṣì tutù ní abíyá àti ní ìbàdí, kí ó sì máa rùn bí aṣọ tí a rẹ tí a gbàgbé sínú bẹ́sìnnì. Ìdí nìyí tí a fi ra dráyà tòkunbọ̀ kan tí hítà rẹ̀ jẹ́ 2,400 wáàtì, a sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, níbi tí rọ́bà rẹ̀ ti lè fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ihò ara ògiri jáde.

Ní ìparí oṣù Kẹfà, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí láì gbóná. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní àdúgbò wa. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó fi ẹnu mítà rẹ̀ kan ibì kan, ó sì sọ fún mi pé fíúsì ooru rẹ̀ ti jó. Nígbà tí mo bi í bóyá a lè rí òmíràn rà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dààmú, màá kàn ṣe é ní dáyírẹ́ẹ̀tì ni, kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́." Ó gé wáyà pupa kékeré kan tí kò gùn ju ìka mi lọ, ó fi so ojú méjèèjì tí fíúsì náà wà láàárín wọn pọ̀, ó dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà, ooru sì dé. Mo sanwó fún un, mo sì dúpẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ bi í ni n kò bi í, ìyẹn ni pé kí ni ó jó fíúsì náà?

Ní ọjọ́ kọkànlá, òórùn kan gba gbogbo inú ilé, ó dà bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá pẹ́ jù lára aṣọ. Mo sáré lọ yọ púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, n kò lè gbé ọwọ́ lé irin inú rẹ̀. Tówẹ̀lì funfun kan wà lókè, etí rẹ̀ kan sì ti pọ́n bí ẹ̀yìn àkàrà tí epo rẹ̀ gbóná jù. Rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò Táyé ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí gọ́ọ̀mù. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ títí pẹ̀lú ṣòkòtò náà lọ́wọ́ mi, nítorí pé ògiri tí ẹ̀rọ náà fẹ̀yìn tì ni ògiri yàrá àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wáyà pupa yẹn ṣe, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ dráyà òde òní, ó kéré tán, nǹkan méjì ni ó ń ṣọ́ ooru, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Èkíní ni sẹ́ńsọ̀ ooru, tí ó sábà máa ń wà ní ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde kúrò nínú ikùn ẹ̀rọ, nítòsí fáànù. Òun ni ó ń sọ fún pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó iná tí ó ń darí ẹ̀rọ, bí afẹ́fẹ́ náà ti gbóná tó, pánẹ́ẹ̀lì ni yóò sì pinnu ìgbà tí hítà yóò tàn àti ìgbà tí yóò kú. Èkejì ni fíúsì ooru, tí kò ní ohunkóhun í bá pánẹ́ẹ̀lì sọ. Ní tirẹ̀, bí ooru bá ti kọjá ibi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi ààlà sí, jíjá ni yóò já, bí ó bá sì ti já, kò sí àtúnṣe fún un, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tún ní tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tí ń pa iná bí ooru bá pọ̀ jù, lára hítà gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Fíúsì ooru kì í sábà jó lásán. Bí ó bá jó, ó ń wí fún wa pé ẹ̀rọ náà ti gbóná kọjá ààlà, yálà nítorí pé afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà jáde, tàbí nítorí pé ìròyìn tí ó ń ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ dé ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe òótọ́. Oníṣẹ́ tí ó bá fi wáyà so ojú rẹ̀ pọ̀ ti lé olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, olè tí olùṣọ́ náà rí sì ṣì wà nínú ọgbà.

Irú sẹ́ńsọ̀ tí mo ń sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní thermistor. Mo máa ń fẹ́ràn láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa rẹ̀, nítorí pé wáyà bàbà, bí ó bá ṣe ń gbóná sí i ni ó ń ṣòro sí i fún iná láti gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n eléyìí, bí ó bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ̀nà ń là sí i fún iná. Láti ọdún 1833 ni Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàkíyèsí irú ìwà yìí lára èròjà kan tí ó jẹ́ àpapọ̀ fàdákà àti imí-ọjọ́. Ohm ni a fi ń ka ìdènà tí iná ń bá pàdé. Nínú ọ̀pọ̀ dráyà, sẹ́ńsọ̀ ooru máa ń ní 10,000 ohm bí ó bá wà ní 25°C. Ní 30°C, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 8,000. Bí ẹ bá dì í mọ́ ọwọ́ tí ara yín sì mú un dé nǹkan bí 35°C, yóò sún mọ́ 6,500. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ bá dé 50°C, yóò ti wà ní nǹkan bí 3,600.

Pánẹ́ẹ̀lì ń ka àwọn ohm wọ̀nyí, ó sì ń túmọ̀ wọn sí ooru. Nítorí náà, bí ohm bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ohun yòówù kó fà á, pánẹ́ẹ̀lì yóò gbà pé òtútù ń mú ẹ̀rọ, yóò sì máa fún hítà ní iná ṣáá. Bí ohm bá kéré ju bó ti yẹ, yóò gbà pé ooru ti pọ̀, yóò sì pa hítà kí aṣọ tó gbẹ. Bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já pátápátá, tàbí bí wáyà rẹ̀ méjèèjì bá kanra, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọn yóò sì gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà kan jáde lójú wọn, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá. Irú èyí kì í ṣòroó mọ̀. Èyí tí ó ṣòro ni èyí tí kò já, tí kò sì kanra, ṣùgbọ́n tí ó ń sọ ìdajì òtítọ́, irú rẹ̀ ni ó sì bá mi.

Ní ọjọ́ tí òórùn náà gba ilé, mo pe oníṣẹ́ mìíràn lórí fóònù. Láì tíì rí ẹ̀rọ náà, ó ní pánẹ́ẹ̀lì ni ó ti kú, ó sì dárúkọ owó tí ó ju ìdajì owó tí a fi ra odindi ẹ̀rọ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pinnu pé n ó fi ọwọ́ ara mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ láì fi púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì kí ara rẹ̀ lè tutù tán. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bọ́tìnnì tí a fi ń pa á nìkan; púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ níbi tí ojú yín ti tó o ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá wà ní títú. Mo tú àwọn súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fi fóònù ya àwòrán bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe wà kí n tó fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ìhùùhù aṣọ. Ó ti gbára jọ sí ẹnu fáànù, ó nípọn tó ègé búrẹ́dì kan, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ó sì múlọ́ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Asẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn tí a ń gbọ̀n lẹ́yìn ìlò kò lè mú gbogbo rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kó o, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìyókù, ó sì kún abọ́ ìfọwọ́ kan. Bí iná bá ta sí irú nǹkan báyìí, kì í pẹ́ rárá kí ó tó ràn.

Abẹ́ ìhùùhù yìí ni sẹ́ńsọ̀ náà wà. Kò tóbi ju orí àtàǹpàkò mi lọ. Ó ní ẹsẹ̀ irin méjì tí a ki bọ inú ìsopọ̀ oníke kan, wáyà méjì sì ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì. Mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n láti ìdí pánẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn tí mo ti yọ wáyà méjèèjì kúrò lára rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ṣì wà lára pánẹ́ẹ̀lì, mítà yóò ka ohun mìíràn mọ́ ohun tí a ń wá. Tẹmómítà ara ògiri fi hàn pé 30°C ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà wà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nítorí náà 8,000 ni mo ń retí. Mo yí mítà sí 20k, ìyẹn ibi tí kì í kà ju 20,000 ohm lọ, ó sì kọ 1 sí apá òsì, ìyẹn ni pé ohun tí mo ní kí ó kà ti ju agbára rẹ̀ lọ lójú ibẹ̀. Ẹni tí ìkánjú bá ń bá jà ìbá ti sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti já. Mo yí i sí 200k, ó sì kọ 23.1, ìyẹn 23,100 ohm.

Lójú pánẹ́ẹ̀lì, 23,000 ohm túmọ̀ sí pé inú òtútù nǹkan bí 7°C ni ẹ̀rọ wà. Ọyẹ́ tí ó mú jù lọ tí mo rántí ní Èkìtì kò mú tó bẹ́ẹ̀. Ó wá dà bí ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná Ìkògòsì, tí ó sì ń ké pé òtútù ń pa òun, kí wọ́n bá òun koná mọ́ ọn. Bí hítà ṣe ń tàn láì sinmi nìyẹn, ìhùùhù sì ti dí ọ̀nà tí ooru ìbá gbà jáde, fíúsì rí i, ó já, wáyà pupa sì bò ó mọ́lẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbà pé sẹ́ńsọ̀ ni ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo fi ìka méjì dì í mú, mo sì ní kí ọmọbìnrin mi máa ka mítà sókè fún mi. Nọ́ńbà náà rọra ń wálẹ̀: 23.1, 22.8, 22.3, 21.9, títí ó fi dúró sí 21.6. Ó fi 1,500 wálẹ̀. Mo jókòó, mo sì ṣírò rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí ara rẹ̀ dá, bí ó bá kúrò ní 30°C tí ó dé 35°C, nǹkan bí 1,500 náà ni ó yẹ kí ó fi wálẹ̀, láti 8,000 sí 6,500. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe, kí ló dé tí 15,000 kan dúró gbagidi tí kò mira? A jẹ́ pé 15,000 yẹn kò sí nínú sẹ́ńsọ̀, ojú ọ̀nà ni ó wà. Mo fa ìsopọ̀ oníke náà yọ, ike ni mo sì dì mú, kì í ṣe wáyà, nítorí wáyà tí a bá fà lè já sínú láì hàn síta. Mo fi ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ gan-an, ó kọ 8.0. Sẹ́ńsọ̀ kò ṣẹ̀. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìsopọ̀ náà, mo rí i pé ọ̀kan nínú irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, ìpẹtà aláwọ̀ ewé bí irú èyí tí a máa ń rí lórí bátìrì ọkọ̀. Òjò máa ń ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láti ẹ̀gbẹ́ bí atẹ́gùn bá fẹ́, àwa sì ni a gbé ẹ̀rọ síbẹ̀.

Rẹwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí ó wà ní ojúlé kejì sí wa gé ẹnu irin náà dànù, ó fi tuntun sí i, ó sì fún un pinpin. Mo tún un wọ̀n láti ìdí pánẹ́ẹ̀lì, ó kọ 8.0. Mo yọ wáyà pupa, mo sì ra fíúsì ooru tuntun tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu rẹ́gí. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún owó pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní kí n rà. A gbé ẹ̀rọ náà kúrò ní ibi tí òjò ń dé, a sì sún un jìnnà sí ògiri àwọn ọmọ. Ká ní mo ti gbọ́ ti oníṣẹ́ kejì ni, ǹ bá ti so pánẹ́ẹ̀lì tuntun mọ́ wáyà tó dípẹtà, pánẹ́ẹ̀lì tuntun náà ìbá sì máa ka 23,000 bí ti àkọ́kọ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ wa fi sọ́kàn nípa ilẹ̀ tiwa. Nọ́ńbà 10,000 tí ìwé ń sọ, 25°C ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Àwa kì í sábà rí 25°C lọ́sàn-án. Ní oṣù Kẹta, nígbà tí ooru bá mú, yàrá lè wà ní 33°C, sẹ́ńsọ̀ tí kò ní àrùn kankan yóò sì ka nǹkan bí 7,000. Ẹni tí kò bá wo tẹmómítà kí ó tó wo mítà yóò sọ pé ó ti bàjẹ́, yóò sì jù ú nù. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ń lo sẹ́ńsọ̀ 10,000. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rọ náà ni a ó kọ́kọ́ wò. Èyí tí kò sinmi lórí ìwé ni pé bí ọwọ́ bá mú un gbóná, ohm rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láì fò, bí a bá sì fi í sílẹ̀ kí ó tutù, kí ó padà síbi tí ó wà.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí aṣọ bá jáde ní tútù ni ẹ̀bi jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀. Iná tí wọ́n ń fún wa gan-an lè jẹ́ ìdí rẹ̀, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bí èyí ti lágbára tó. Bí fólítì bá já láti 230 sí 160, ooru hítà kì í já ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá péré. Yóò já ju ìdajì lọ, hítà 2,400 wáàtì yóò sì di nǹkan bí 1,160, nítorí pé bí fólítì bá dín, iye iná tí ń ṣàn náà ń dín, méjèèjì sì ń pa pọ̀ jẹ ooru náà. Nítorí náà, kí ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ wọn fólítì sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí ó bá wà ní pípa. Àwọn ẹ̀rọ kan sì tún ní irin pẹlẹbẹ méjì nínú ikùn wọn tí ó ń wádìí bóyá aṣọ ṣì ní omi. Oògùn tí a ń fi mú aṣọ rọ̀ máa ń fi ọ̀rá bo irin náà, ẹ̀rọ yóò sì rò pé aṣọ ti gbẹ. Aṣọ mímọ́ àti sípíríìtì díẹ̀ ti tó láti nù ún.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn padà. N kò pè é láti bá a jà, nítorí pé ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn ni. Ó sọ fún mi pé bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, pé bí fíúsì bá jó tí kò sì sí òmíràn lọ́jà, kí òun ṣe é ní dáyírẹ́ẹ̀tì kí oníbàárà má bàa bínú. Mo gbé tówẹ̀lì tó jóná náà fún un. Ó yí i padà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi sẹ́ńsọ̀ sí i lọ́wọ́, mo so mítà mọ́ ọn, ó sì ń wò ó bí nọ́ńbà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ooru ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́, mọ́mì, ó ń gbọ́ ara mi!" Láti ọdún márùn-ún tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí ó fi hàn án rí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìkọ̀lé àti káàkiri Èkìtì pé kí wọ́n fi dáyírẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ti fíúsì ooru. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíúsì ti já, mítà yóò sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì nílẹ̀. Bí fíúsì kò bá sí lọ́jà, ẹ sọ fún oníbàárà pé kí ó ní sùúrù, kí aṣọ máa gbẹ lórí okùn títí yóò fi dé. Mo tún ń bẹ àwọn tí ń ta tòkunbọ̀ pé kí wọ́n máa tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó tà á, nítorí pé a kò mọ ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ti fi wáyà so pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná dráyà kì í ṣe àròsọ. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 2008 sí 2010, nǹkan bí 2,900 ìjàǹbá iná ilé ni ó ń ti ara dráyà wá lọ́dọọdún, ìdí tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ ni pé wọn kò gbá ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, iná tí ó ti ara dráyà kan ṣẹ́ yọ nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní Shepherd's Bush, Lọ́ńdọ̀nù, lé ọ̀pọ̀ ìdílé jáde kúrò nílé wọn. Àwọn tí mo sọ yìí ní panápaná nítòsí, ọ̀nà ilé wọn sì gba ọkọ̀. Ẹ wo ọ̀nà àdúgbò tiwa.

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan ní Ìkẹ́rẹ́ pè é nítorí dráyà tí ń yí láì gbóná, ó sì ní kí n jọ̀wọ́ ka àwọn ohm yẹn fún òun kí òun kọ wọ́n sínú fóònù kí òun tó lọ. Mo kà wọ́n fún un bí mo ṣe kọ wọ́n sínú lẹ́tà yìí. Bí àyè bá gbà yín, ẹ bá mi tẹ̀ wọ́n jáde ní lẹ́tà tí ó tóbi díẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè gé e kó sí àpò irinṣẹ́ rẹ̀: ní 25°C, 10,000 ohm, ní 30°C, 8,000, ní 35°C, 6,500, ní 50°C, 3,600.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ Físíìsì tó ti fẹ̀yìntì,
Adó-Èkìtì.